Wọ́n Ti Jókòó Sí Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Dókítà oníṣẹ́-abẹ sọ ọ́ lónìí, ojú Ìyá mi gan-an ló sì ti sọ ọ́. Bí egbò ẹsẹ̀ Ìyá mi kò bá fi àmì jíjinná hàn kí oṣù yìí tó parí, òun máa gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ìyá mi ní, "Ẹsẹ̀ wo?" bí ẹni pé méjèèjì ló dégbò. Dókítà ní, "Ọ̀tún ni, Mà." Ìyá mi ní, "Òun ni mo fi ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ mi." Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bírò rẹ̀ kiri orí tábìlì, bẹ́ẹ̀ bírò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò bá wa lọ́nà. Mo fi ọ̀rá we ẹsẹ̀ náà kí omi má baà kàn án. Àǹtí, tó wá ń bá wa gbé nítorí àìsàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, bínú títí a fi délé. Ó ní irùngbọ̀n Dókítà yẹn kò tíì hù tán, òun ló wá fẹ́ máa gé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.

Mo ra ìwé yìí kí n tó wọlé. Mo fẹ́ máa kọ bí egbò náà ṣe rí gan-an, kí ìfẹ́ má baà máa bá mi wò ó.

Bó ṣe rí lónìí: ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Etí rẹ̀ pọ́n. Nǹkan kan tó ní àwọ̀ ewé bò ó lójú, ó ń yọ̀ bí ara ẹja. Òórùn rẹ̀ dùn, bí òdòdó tó ti pẹ́ nínú omi. Dídùn yẹn ni mi ò fẹ́ràn.

Wẹ́sídè, ọjọ́ karùn-ún

Mo ṣí àpótí olóoru tí a ti ń sin kòkòrò àìfojúrí níbi iṣẹ́ láàárọ̀ kí n kó àwọn àwo jáde, òórùn ẹsẹ̀ Ìyá mi sì fẹ́ sí mi lójú.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò ìjọba yìí, tí mo sì ń da oúnjẹ kòkòrò sínú àwo kó dì, àmọ́ àwọn kòkòrò tòní yìí jẹ́ tuntun. Ọ̀gá, tó ń ṣèwádìí irú àwọn tó máa ń wà nínú egbò, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n ni. Mo dúró, mo di ilẹ̀kùn àpótí mú. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rọ, tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ wa, ní, "Jẹ́jẹ́, ṣé o rí iwin ni?" Òun ló sọ mí ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé ó ní bí mo bá wọ yàrá, ilẹ̀kùn nìkan ló máa ń mọ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá nídìí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kí ni àwọn tuntun yìí ń ṣe nínú àwo?"

Ó ní, "Wọ́n jókòó."

"Ta ló ní kí wọ́n jókòó?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Jẹ́jẹ́, ìbéèrè tí wọ́n torí ẹ̀ ń sanwó oṣù fún mi nìyẹn. Fa àga."

Ó ní kí n ro kòkòrò kọ̀ọ̀kan bí ilé kan. Ohun kan á ti ìta wá kan ilẹ̀kùn: ó lè jẹ́ oúnjẹ, ó lè jẹ́ ibi líle kan tí ara rẹ̀ gbá. Ìyẹn ni ìránṣẹ́ kìíní. Kì í wọlé, ẹnu ọ̀nà ló mọ. Nínú ilé ni ìránṣẹ́ kejì wà, tó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó máa gbé e dé gbogbo yàrá. Bí ìránṣẹ́ kejì yìí bá pọ̀ nínú ilé, kòkòrò náà á pa ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ tì, á jókòó, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìbora tó ń yọ̀. Òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹgbẹ́ ẹ̀ á wá wà lábẹ́ ìbora kan, oògùn á máa gba òkè kọjá. Bó bá sì dín kù, wọ́n á dìde.

Mo ní, "Báwo ni ìránṣẹ́ náà ṣe ń sọ ọ́ fún wọn?"

Ọ̀gá ní, "Kì í sọ nǹkan kan. Kò lẹ́nu. Pípọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà."

Mo ń rò ó bí mo ṣe ń fọ ìgò. Ilé tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ gbọ́ràn, tí kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohùn.

Fúráìdè, ọjọ́ keje

Báńdéèjì ti tún gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á kò tiẹ̀ wò mí lójú.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ kejì fún Ìyá mi bí mo ṣe ń wẹ egbò náà, torí pé bó bá ń gbọ́ ìtàn, kì í fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín débi tí mo fi ní láti dúró. Ó ní, "Ayálégbé ni wọ́n, jàre. Wọn ò sanwó, wọ́n tún ń jẹ ògiri."

Àǹtí ní, "Ẹ kọ̀wé lé wọn jáde."

Ìyá mi ní, "Ta ló mọ èdè tí wọ́n ń kà?"

Mo rí i pé mo ń kọ "ó" fún Ìyá mi àti Ọ̀gá nínú ìwé yìí. Lẹ́nu mi, "wọ́n" ni mo máa ń pè wọ́n, bó ṣe yẹ. Àmọ́ bí mo bá kọ "wọ́n" fún àgbà kan ṣoṣo, tí mo tún kọ "wọ́n" fún àwọn tó wà lábẹ́ ìbora, lọ́jọ́ mìíràn mi ò ní mọ ẹni tí mo ń sọ. Kí àgbà má bínú.

Egbò: bákan náà. Òórùn: bákan náà.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹwàá

Ọ̀gá jẹ́ kí n fi maikirosíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú, wo àwọn kòkòrò náà lónìí. Omi kan wà tó ń dán wò, èyí tó máa ń mú kí ìránṣẹ́ kejì dín kù nínú wọn. Ó kán an sórí gíláàsì, ó ní kí n máa wò, òun fẹ́ lọ dáhùn fóònù.

Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ṣù jọ, kò sí èyí tó ń mira. Ó pẹ́. Ojú ti ń ro mí. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rọ kọjá lẹ́yìn mi, ó ní, "Má sùn sórí ẹ̀rọ mi o, owó ẹ pọ̀ ju ti ilé wa lọ."

Ọ̀kan gbọ̀n. Mo rò pé èmi ni mo mí lé tábìlì. Èkejì gbọ̀n níhà kejì, níbi tó jìn sí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni etí gbogbo òkìtì náà ń hó, wọ́n ń yọ lábẹ́ ìbora ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ. Wọn ò forí gbárí. Kò sí èyí tó dúró de èkejì, kò sì sí èyí tó ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, ìbora náà ṣẹ́ kù sórí gíláàsì, ó ṣófo, ó ṣì mú àpẹẹrẹ ibi tí wọ́n jókòó sí.

Mi ò lè jẹun ọ̀sán. Síbẹ̀ ohun kan ń dún lọ́kàn mi pé: wọ́n lè dìde. Wọ́n lè dìde lára ẹsẹ̀ Ìyá mi.

Tọ́sìdè, ọjọ́ kẹtàlá

Mo béèrè. Ó gbà mí ní odindi àárọ̀ kí n tó lè ya ẹnu.

Mo ní, "Mà, omi yẹn. Díẹ̀ péré. Ìyá mi ni."

Ọ̀gá mọ̀ nípa ẹsẹ̀ náà, torí mo ti gbàyè lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí a lọ rí Dókítà. Kò bínú. Ì bá dára kó bínú. Ó ní, "Jẹ́jẹ́, àwọn tó dìde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ibo ni wọ́n lọ?"

"Mi ò mọ̀, Mà."

"Inú omi ìgò ni. Ìgò ò ní ẹ̀jẹ̀. Èèyàn ní. Mi ò tíì mọ ibi tí wọ́n máa gbà bí wọ́n bá dìde lára èèyàn, nítorí náà mi ò lè fún ẹ. Ọmọ mi lo bá jẹ́, mi ò ní fún ẹ."

Mo lọ fọ abọ́ ìfọwọ́ ẹ̀yìn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha ihò ibi tí omi ń gbà lọ, nǹkan tó ń yọ̀ tẹ̀ lé búrọ́ọ̀ṣì náà jáde, ó gùn, ó ṣì ń jáde. Mo pa iná ibẹ̀, mo lọ sílé.

Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìyá mi kò jẹun láti àná. Ó ní oúnjẹ ń rùn sí òun. Mo gbé omi ọbẹ̀ lásán fún un, ó mu ṣíbí mélòó kan.

Lọ́sàn-án, oòrùn mú, gbogbo fèrèsé ṣí sílẹ̀, èmi àti Àǹtí ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó la ojú, ó wo ìdí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ní pẹ̀lú ohùn tó mọ́ gaara, "Ẹ gbé àga fún wọn. Wọ́n ti wà lórí ìdúró látàárọ̀."

Àǹtí ní, "Ta ni, Ẹ̀gbọ́n mi?"

Ìyá mi ti padà sùn.

Àǹtí wò mí. Ẹ̀rù ti hàn lójú rẹ̀. Ó rọra ní, "Bàbá yín ni." Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, kò sì sí ẹlòmíràn tí Ìyá mi ń pè ní "wọ́n" nínú ilé wa. Àǹtí gbé àga tó ní tìmùtìmù láti pálọ̀ wá, ó gbé e sí ìdí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó fi ọwọ́ nu ún. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú wọn lọ."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo kí àga náà.

Túsìdè, ọjọ́ kejìdínlógún

Mi ò fẹ́ kọ èyí, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ra ìwé yìí ni láti kọ ohun tí mo rí. Ìgbà tí mo jí láàárọ̀, tìmùtìmù àga náà tẹ̀ láàárín, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Mo bi Àǹtí. Ó ní òun lòun jókòó síbẹ̀ gbàdúrà. Àmọ́ ó kọ́kọ́ wo ojú mi dáadáa kó tó sọ ọ́.

Wẹ́sídè, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òórùn dídùn náà ti dín kù. Mo fi imú kan báńdéèjì. Ó ti dín kù lóòótọ́.

Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún

Egbò náà mọ́! Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wẹ̀ ẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ ṣí i, ó pàtẹ́wọ́. Nǹkan aláwọ̀ ewé náà ti ṣí kúrò. Ẹran pupa ló kù. Kò yọ̀ mọ́. Ó ní, "Kí lẹ fi sí i?" Mo ní, "Omi iyọ̀ tí ẹ kọ́ mi náà ni." Ó ní kí n máa bá a lọ, pé bó bá rí báyìí, òun ò rò pé Dókítà á gé nǹkan kan.

Àǹtí jó láti yàrá dé ilé ìdáná, ó jó padà. Ó ní, "Irùngbọ̀n rẹ̀ á hù tán kó tó rí ẹsẹ̀ gé!" Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òtútù ń mú òun. Mo fi aṣọ mìíràn bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú ooru ọ̀sán yìí, àmọ́ èèyàn tí kò jẹun, ara rẹ̀ á tutù.

Egbò: mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí ayọ̀. Ó mọ́.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni mo ti ń kọ èyí.

Mo dé láti ibi iṣẹ́, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Àǹtí pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ti lọ! Ìyá ẹ ló sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn. Wọ́n ní wọ́n ti dìde. Bàbá yín gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa." Mo dì mọ́ ọn. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo rò ó pé bàbá mi ṣe wá lóore.

Mo wọlé. Ìyá mi kọjú sí ògiri. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ara rẹ̀ sì gbóná bí ìdí ìkòkò.

Mo ní, "Ẹ kú ilé, Mà. Àǹtí ní wọ́n ti dìde."

Ó ní, "Wọ́n ti dìde."

"Ẹ ṣé tí ẹ ò bá wọn lọ."

Ó ní, "Wọn ò lọ. Wọ́n wọ inú."

"Inú ibo, Mà?"

Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Wọ́n mà pọ̀ o."

Bàbá mi kò lè pọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Mo tú báńdéèjì náà. Egbò náà mọ́ ju ti Sátidé lọ, ó dá wáí, bí gíláàsì tí wọ́n dìde lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Mo pariwo pé kí Àǹtí pe awakọ̀ tó wà ní ojúlé kejì sí wa. Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Àǹtí ní, "Ọsibítù kẹ̀? Ẹsẹ̀ tó ti ń jinná! Bí o bá gbé wọn lọ báyìí, wọ́n á gé e." Ìyá mi náà gbọ́, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Má gbé mi lọ. Wọ́n á gé e. Ọmọ mi, má gbé mi lọ."

Mo gbé e. Èmi àti awakọ̀ la gbé e. Ó pè mí ní orúkọ mi dé ìdí ọkọ̀, lẹ́yìn náà kò pè mí mọ́.

Àwọn dókítà ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan jáde, ó ní ó dáa tí a kò dúró di ọ̀la. Ó wọlé padà kí n tó lè béèrè ohun mìíràn.

Fúráìdè, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní Wẹ́sídè. Egungun ibẹ̀ ti bà jẹ́ lábẹ́ ẹran pupa dáadáa yẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún fún àwọn kòkòrò náà, àwọn dókítà sì ń fi oògùn lé wọn. Nínú ẹ̀jẹ̀, wọn ò ní ìbora, oògùn ń rí wọn mú.

Dókítà oníṣẹ́-abẹ yẹn náà ló ṣe é. Ó jókòó tì mí lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kò sì wá bírò kankan. Ó ní, "Ó máa yè."

Ọ̀gá wá sí ọsibítù. Mo bi í léèrè ẹni tó ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n dìde, nígbà tí kò sẹ́ni tó kán omi kankan sí wọn. Ó ní òun ò lè sọ dájú. Ó ní ebi wà lára ohun tó lè mú wọn dìde. Mo rántí pé Ìyá mi kò jẹun ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Òun àti àwọn kòkòrò náà jọ ń pa ebi mọ́nú ni.

Àǹtí kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di àná. Lánàá ó gbé oúnjẹ wá fún mi, ó bu omi síbẹ̀, ó ní, "Jẹun. Ìwọ náà ti gbẹ." Ìyẹn náà tó.

Túsìdè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje

Ìyá mi ti délé. Ó bínú sí mi ní òwúrọ̀, ó dárí jì mí lọ́sàn-án, ó tún bínú ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbà á bó ṣe ń bọ̀.

Ọ̀gá wá kí i. Lẹ́yìn ìkíni, ó ní àwọn kòkòrò tí ọsibítù mú lára ẹsẹ̀ náà ṣì wà, òun á fẹ́ kó wọn sí ọ̀dọ̀ wa kí òun lè mọ ìdí tí wọ́n fi dìde, àmọ́ òun ò ní fọwọ́ kàn wọ́n bí Ìyá mi kò bá fọwọ́ sí i.

Ìyá mi ní, "Ẹ fẹ́ gba ayálégbé mi?"

"Bí ẹ bá gbà, Mà."

"Ẹ kó wọn. Ẹni tó ti jẹ mí dé orúnkún, kó máa lọ jẹ ìjọba." Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà. Àǹtí ní òun ò mọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Fúráìdè, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n ti dé láti Mọ́ńdè, nínú ìgò kékeré kan. Ọ̀gá ní kí n máà ṣiṣẹ́ lórí wọn bí mi ò bá fẹ́. Mo ní mo fẹ́. Èmi ni mo da oúnjẹ wọn, èmi ni mo tò wọ́n sí àpótí olóoru lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán ìdá díẹ̀ wò, èmi náà ni mo pín ìyókù lónìí sínú àwọn ìgò tó tẹ́ẹ́rẹ́ kí a lè tọ́jú wọn sínú yìnyín. Wọn ò gbọdọ̀ ní orúkọ èèyàn, ìyẹn ni òfin yàrá wa. Mo kọ nọ́ńbà sí wọn lára.

Ẹ̀rọ yìnyín wa kì í ṣe irú èyí tí a ń tọ́jú ẹran sí. Bí a bá ṣí i, èéfín funfun ló ń ṣubú jáde wá sí ẹsẹ̀ ẹni. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rọ bá mi di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, kò dá àpárá kankan. Mo to àwọn ìgò náà sí àyè wọn.

Mo ní, "Ṣé wọ́n máa kú níbẹ̀?"

Ó ní, "Rárá o. Ọdún méló lo fẹ́? Bí o bá yọ wọ́n kúrò, tí wọ́n yọ́, wọ́n á tún máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe."

Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n jẹ́ apá kan lára Ìyá mi, ohun tí wọ́n jẹ ni wọ́n fi dàgbà. Nílé, òun wà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń bá Àǹtí jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Níbí, nínú òkùnkùn, wọn ò jókòó, wọn ò dìde. Wọn ò kú. Kò kàn sí ẹni tó ń ránṣẹ́ sí wọn mọ́ ni.